Ṣé kí n san £22 fún abẹ́rẹ́ fúlúù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apòògùn wa. Peckham ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 54 ni mí. Ní 2022, ọ̀fẹ́ ni wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ fúlúù nítorí pé mo ti lé ní 50. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo padà lọ sí kẹ́mísìtì kan náà, wọ́n ní ọjọ́ orí mi ò tó mọ́, kí n san £22. Ọkọ mi jẹ́ ẹni ọdún 58, kábù ló ń wà, kò sì ní àìsàn kankan. Òun náà máa san. £44 nìyẹn, a ó sì ra ìrẹsì àti epo nínú rẹ̀. Ọjọ́ tó bá jáde, ó ń mú nǹkan bí £110 wálé. Ọjọ́ tí kò bá jáde, kò sẹ́ni tó máa san kọ́bọ̀ fún un. Mò ń lo amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìyẹn ò kà. Ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ilé ìwé fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ fín tirẹ̀ sí i nímú. A kọ̀, nítorí a gbọ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀, Mùsùlùmí sì ni wá. Ìyá ọkọ mi, ẹni ọdún 76, wà lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n. Èmi ni mo ń wẹ̀ wọ́n, tí mo ń fún wọn lóúnjẹ. Àwọn ní àwọn ò gba abẹ́rẹ́ kankan mọ́, pé èyí tí wọ́n gbà ní ọdún méjì sẹ́yìn ló kó fúlúù bá àwọn. Ṣé kí n san owó yìí, àbí kí n fi ra nǹkan gidi? Èmi ni Ìyá R., Peckham.

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín, mo kí Màmá. Ẹ dá £22 yẹn padà sínú pọ́ọ̀sì ná, kí a jọ tún lẹ́tà yín kà. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí ẹ sáré kọjá bí ẹni pé kò kan ọ̀rọ̀: “èmi ni mo ń wẹ̀ wọ́n, tí mo ń fún wọn lóúnjẹ.” Inú gbólóhùn yẹn ni abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ yín wà. Lórí àtẹ NHS, ètò ìlera ìjọba, ní England, ẹni tí ìtọ́jú arúgbó tàbí aláàbọ̀ ara wà lọ́rùn rẹ̀ jù lọ, tó jẹ́ pé bí òun bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ìyà lè jẹ ẹni tó ń tọ́jú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti gba abẹ́rẹ́ fúlúù láìsan nǹkan kan. Wọn kì í wo ọjọ́ orí rẹ̀. Kò sì dìgbà tí ẹ bá ń gba Carer's Allowance, owó tí ìjọba ń fún olùtọ́jú (carer), kí wọ́n tó kà yín mọ́ wọn.

Mo mọ ohun tó fà á tí ẹ ò fi sọ ọ́ níwájú káńtà. Ta ni nínú wa ló ń pe ara rẹ̀ ní carer ìyá ọkọ rẹ̀? Ìyá ẹni ni. Tí wọ́n bá bi wá léèrè, àwọn tó ń lọ ṣe iṣẹ́ kíà lálẹ́ ni ọkàn wa ń lọ bá, a ó sì ní àwa kọ́. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ apòògùn ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù yìí. Àwọn ìyàwó ilé, àwọn àkọ́bí obìnrin, àwọn ọkọ tó ń gbé ìyàwó wọn lọ fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wọ́n ti sanwó fún ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn. Èmi fúnra mi ti gbowó lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn, kí n tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Ní báyìí, n kì í béèrè pé “ṣé carer ni yín?” mọ́. “Ta ni ẹ ń tọ́jú nílé?” ni mò ń bi wọ́n, ọ̀rọ̀ á sì jáde.

Nítorí náà, ẹ padà lọ. Ẹ sọ fún wọn pé ìyá ọkọ yín tí rọpárọsẹ̀ ṣe ń gbé lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin lẹ ń wẹ̀ wọ́n, ẹ̀yin lẹ ń fún wọn lóúnjẹ. Ẹ má ṣe bù mọ́ ọn, ẹ má sì ṣe bù kúrò níbẹ̀. Bí ẹni tó wà ní káńtà bá ń ṣiyèméjì, ẹ gba ọ̀dọ̀ GP yín, dókítà àdúgbò, lọ, kí ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì yín pé ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú Màmá. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé.

Kẹ́mísìtì yẹn kò rẹ́ yín jẹ lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Nígbà tí Kòrónà ń jà, láti ìgbà òtútù 2020, ìjọba fi àwọn ẹni ọdún 50 sí 64 kún àwọn tó ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí fúlúù àti Kòrónà má baà jọ kún ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó di 2023, wọ́n yọ wọ́n kúrò ní England, wọ́n dá a padà sí ọdún 65. Kì í ṣe pé ẹnì kan ṣàwárí pé ẹni ọdún 54 ò nílò rẹ̀ mọ́. JCVI, ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára, a máa wo iye tí ìjọba yóò ná àti iye ènìyàn tí owó náà yóò gbà lọ́wọ́ àìsàn. Ibi tí èrè náà bá ti tín-ín-rín fún odindi ìlú ni wọ́n ń fa ìlà sí. Ìṣirò ìlú nìyẹn, ìṣirò ilé yín lè yàtọ̀ sí i. (Scotland, Wales àti Northern Ireland ní àtẹ tiwọn, kí ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ má fi ti England ṣe àpẹẹrẹ.)

Ti amlodipine yẹn ńkọ́? Òótọ́ ni wọ́n sọ: ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan kò sí lórí àtẹ, àfi èyí tó bá ti ba ọkàn jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá pẹ́ lára ènìyàn a máa jẹ kíndìnrín díẹ̀díẹ̀, láìsí ìrora, láìsí àmì, àwa aláwọ̀ dúdú sì mọ̀ ọ́n dáadáa nínú ẹbí wa. Ẹni tí àrùn kíndìnrín rẹ̀ bá ti dé ìpele kẹta, ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ yìí fún un. Ẹ ṣí NHS App lórí fóònù yín, ẹ wá èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí GP ṣe fún yín kẹ́yìn, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ eGFR sí, ìyẹn ìwọ̀n bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti wà lábẹ́ 60 fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ rí dókítà. Ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ fúlúù.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ka èyí lẹ́yìn yín. Fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ SS, wà lórí àtẹ ọ̀fẹ́. AS kò sí níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin SS kan na káàdì báńkì sí mi lọ́dún kan, ó ní ọdọọdún ni òun ń sanwó, ẹnikẹ́ni ò sì bi òun léèrè rí. Àtọ̀gbẹ wà níbẹ̀, yálà insulin lẹ ń gún, metformin lẹ ń gbé mì, tàbí oúnjẹ nìkan lẹ fi ń ṣọ́ ọ. Ásímà tó jẹ́ pé ẹ ń fa oògùn stẹ́rọ́ìdì sí i déédéé wà níbẹ̀, HIV wà níbẹ̀, gbogbo aláboyún wà níbẹ̀, oyún ìbáà jẹ́ oṣù kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ kíà, ní ilé àwọn arúgbó tàbí láti ojúlé dé ojúlé, ẹ̀yin náà ò gbọ́dọ̀ sanwó: agbanisíṣẹ́ yín ló yẹ kó ṣètò rẹ̀, bí kò bá sì ní ètò, ẹ mú káàdì iṣẹ́ yín lọ sí kẹ́mísìtì. Gbólóhùn “no recourse to public funds” (pé wọn ò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba) tó wà lórí físà àwọn kan kò kan NHS rárá. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sẹ́yìn láìnídìí.

Mo padà sílé yín. Bó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ìdílé náà, apá Màmá ni màá gún un sí. Ẹ bi mí nípa £44, àmọ́ ẹni tí ewu sún mọ́ jù lọ nínú ilé náà kò ní san nǹkan kan, òun ló sì kọ̀. Ní ìgbà òtútù 2024 sí 2025, UKHSA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ ìlera ará ìlú, fojú bù ú pé iye tó sún mọ́ 8,000 ni ikú tó bá fúlúù rìn ní England nìkan, àwọn arúgbó ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ̀dọ̀fóró nìkan kọ́ ló ń bá jà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ontario ní Kánádà, tó jáde ní 2018, fi hàn pé láàárín ọjọ́ méje tí àyẹ̀wò bá fi fúlúù hàn lára ènìyàn, ewu kí ìkọlù ọkàn (heart attack) bá a a máa di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà. Ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dí lẹ́ẹ̀kan rí, tí ó di rọpárọsẹ̀, kò yẹ kó fara gbá irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n wọ́n ní abẹ́rẹ́ ló kó fúlúù bá àwọn. Ẹ má bá wọn jiyàn pé ara wọn ò gbóná, ó gbóná. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni a ó wò. Kòkòrò fúlúù tó wà nínú abẹ́rẹ́ àgbàlagbà, wọ́n ti pa á, wọ́n sì ti já a wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Òkú ò lè bímọ sínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Àmọ́ bí ara ṣe ń kọ́ láti dá kòkòrò náà mọ̀, ó lè gbóná díẹ̀, kí apá wú, kí egungun máa ro fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìyẹn kì í ṣe fúlúù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ń tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kí ààbò rẹ̀ tó délẹ̀. Ẹni tó bá kó fúlúù nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tó ń lọ gba abẹ́rẹ́, yóò ṣàìsàn lẹ́yìn abẹ́rẹ́, yóò sì dá abẹ́rẹ́ lẹ́bi. Oṣù Ọ̀wàrà àti Bélú tí a ń gún un gan-an ni àkókò tí oríṣiríṣi ọ̀fìnkìn ń jà káàkiri. A sì tún ń dárúkọ gbogbo wọn ní fúlúù. Ọ̀fìnkìn a máa rọra yọ́ wọlé, ẹ lè gbé e lọ síbi iṣẹ́. Fúlúù gidi, ẹ óò mọ wákàtí tó dé: lówùúrọ̀ ẹ ń rìn, lálẹ́ ẹ ò lè gbórí sókè.

Ìyá tèmi kọ̀ fún ọdún mẹ́rin gbáko. Gbogbo àlàyé tí mo ṣe níbí yìí ni mo ṣe fún wọn, kò wọ̀ wọ́n létí. Lọ́jọ́ kan mo mú wọn lọ síbi iṣẹ́ mi, mo ká apá ẹ̀wù mi sókè níṣojú wọn, ẹlẹgbẹ́ mi gún mi. Fún ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń wò mí bí ẹni wo ọmọ tuntun. Ní ọjọ́ kẹrin wọ́n ní, “Ó dáa, kí wọ́n wá gún tèmi náà, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ apá ọ̀tún.” Nítorí náà, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ gba tiyín. Kí Màmá rí i. Kí ọmọ wọn ló sì bá wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ̀yin mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ìyàwó ṣe ń rí létí ìyá ọkọ. Bí wọn ò bá lè jáde, ẹ pe GP, kí ẹ sọ pé wọn ò lè kúrò nílé. Nọ́ọ̀sì lè wá bá wọn. Èyí tí wọ́n ń fún ẹni ọdún 65 sókè kì í ṣe irú tiwa: wọ́n máa ń fi èròjà kan kún òmíràn tó ń ta ara jí, wọ́n sì máa ń mú oògùn inú òmíràn tó ìlọ́po mẹ́rin, nítorí pé ara arúgbó kì í tètè kọ́ ẹ̀kọ́. Nígbà tí ẹ bá wà lórí fóònù, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ RSV, kòkòrò mìíràn tó ń bá ẹ̀dọ̀fóró jà, pẹ̀lú, tó di ọ̀fẹ́ fún ẹni ọdún 75 sí 79 láti ọjọ́ kìíní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2024, àti ti Kòrónà, tó wà fún ẹni ọdún 75 sókè ní 2025.

Ti ọmọ yín kò gba àkókò. Òótọ́ ni pé èyí tí wọ́n ń fín símú ní jẹ́látìnì tí wọ́n yọ lára ẹlẹ́dẹ̀. Bóyá ó yẹ tàbí kò yẹ, àlùfáà yín ni kí ẹ bi, n kì í dá sí i. Ohun tí wọn ò sọ fún yín tó ni pé kò dìgbà tí ẹ bá gba èyí tí wọ́n ń fín. Abẹ́rẹ́ tí a ń gún lápá kò ní jẹ́látìnì ẹlẹ́dẹ̀, NHS sì ń fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kọ èyí tí wọ́n ń fín nítorí ẹ̀sìn. Ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé abẹ́rẹ́ lẹ fẹ́, tàbí kí ẹ pe àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwé. Láti Reception dé Year 11, ọ̀fẹ́ ni. Mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ pàtàkì mú un, nítorí ọmọdé ló ń gbé fúlúù wọ ilé ju ẹnikẹ́ni lọ. Ilé ìwé ló ti ń kó o, ó ń gbé e wá fún ìyá àgbà nínú ìdìmọ́ra.

Ó wá ku ọkọ yín. Òun nìkan ni ìbéèrè owó yín wà fún ní tòótọ́, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sí, nítorí èmi tí mò ń ta abẹ́rẹ́ yìí ni ẹ ń bi bóyá kí ẹ rà á.

Ohun tí mo mọ̀ ni màá fi hàn yín. Ní 2018, àwọn Cochrane, tó máa ń kó ìwádìí jọ láti gbogbo ayé, gbé èsì kan jáde lórí àgbàlagbà tí ara wọn dá. Nínú 1,000 ènìyàn tí kò gba abẹ́rẹ́, nǹkan bí 23 ni àyẹ̀wò fi fúlúù hàn lára wọn ní ìgbà òtútù kan. Nínú 1,000 tó gbà á, ó jẹ́ nǹkan bí 9. Ìyẹn ni pé ẹ gbọ́dọ̀ gún ènìyàn 71 kí ẹnì kan ṣoṣo tó bọ́. Ẹ wo bọ́ọ̀sì 36 alájà méjì tó kún fọ́fọ́ ní Queens Road láàárọ̀: kí gbogbo èrò inú rẹ̀ san £22 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti lé ní £1,500, ẹnì kan nínú wọn ló máa jèrè rẹ̀. Àwọn 70 tó kù, yálà wọn ò bá ti ṣàìsàn rárá, tàbí wọ́n ṣe é pẹ̀lú abẹ́rẹ́ wọn lápá. Wàyí o, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ọkọ yín ṣírò rẹ̀. Ká ní fúlúù dá a dúró fún ọjọ́ mẹ́fà. £660 ti lọ. Nínú 1,000 irú rẹ̀, abẹ́rẹ́ gba 14 sílẹ̀. Tí a bá pín èrè yẹn kárí gbogbo wọn, ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan bíi £9. Ó fẹ́ san £22 láti fi gba £9. Ní ti owó nìkan, màá ní kí ó lọ fi ra epo.

Ṣùgbọ́n 23 nínú 1,000 yẹn, ọdún tó le àti ọdún tó rọ̀ ni wọ́n pò pọ̀. Ọkọ yín kì í ṣe ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì òun nìkan. Inú ọkọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ wà ní pípadé nítorí òtútù ló ń gbé àjèjì kan lẹ́yìn òmíràn, tí wọ́n ń húkọ́ sẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Bí ewu tirẹ̀ bá jẹ́ ìlọ́po méjì, £9 di £18. Bó bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, ó ti kọjá £22. Ọdún tó le náà sì wà, bíi 2025. Oṣù Èrèlé ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń yan irú kòkòrò tí wọn yóò fi ṣe abẹ́rẹ́ fún ìhà àríwá ayé. Lẹ́yìn tí wọ́n yàn tán lọ́dún 2025, èyí tí wọ́n ń pè ní H3N2 yí aṣọ dà, fúlúù sì tètè dé ju bó ṣe máa ń dé lọ pẹ̀lú ohun tó ju oṣù kan lọ. Àwọn kan kígbe pé abẹ́rẹ́ ò bá a mu mọ́. Èsì àkọ́kọ́ tí UKHSA gbé jáde ní oṣù Bélú 2025 kò gbè wọ́n lẹ́yìn: láàárín àwọn ọmọdé, ó dín lílọ sí ilé ìwòsàn nítorí fúlúù kù ní ìdá 70 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún; láàárín àgbàlagbà, ìdá 30 sí 40. Ti àgbàlagbà yẹn kò pọ̀, n ò ní purọ́ fún yín. Kì í sì í ṣe òdo.

Nípa owó nìkan, ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tó tẹ̀ ẹ́ síbì kan lójú tèmi ni yàrá Màmá. Abẹ́rẹ́ arúgbó kì í ṣiṣẹ́ tó ti ọ̀dọ́, bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà láti gbà á. Ọmọ wọn tó ń wọlé láti orí kábù ní aago mọ́kànlá alẹ́, tó ń tẹ̀ síwájú láti kí wọn, ló kàn. Bí kò bá kó o, kò ní rí èyí tí yóò kó fún wọn. Ká ní Màmá ń gba oògùn jẹjẹrẹ tàbí oògùn tó ń rẹ agbára ara sílẹ̀ ni, ọ̀fẹ́ ni ì bá jẹ́ fún ọkọ yín pẹ̀lú, nítorí pé àtẹ NHS ní àyè fún ará ilé irú ẹni bẹ́ẹ̀. Rọpárọsẹ̀ kò sí nínú ìyẹn. Nítorí náà yóò san, bó bá jẹ́ èmi, màá san. Àmọ́ bí £22 yẹn bá jẹ́ ara owó ilé tàbí owó iná, kí ó fi sílẹ̀, kí ẹ fi gbogbo agbára yín sórí Màmá àti ọmọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìyẹn, n kò sì ní fi ojú aláìbìkítà wò ó.

Kí ó tó san, ẹ bi í léèrè: “kò ní àìsàn kankan” yẹn, ìgbà wo ló ṣe àyẹ̀wò kẹ́yìn? Àwọn ọkùnrin wa a máa pe ohun tí wọn ò wò ní ohun tí kò sí. Láti ọdún 40 dé 74, NHS ń ṣe àyẹ̀wò ara ọ̀fẹ́ fún ènìyàn ní ọdún márùn-ún márùn-ún, ọkọ yín sì lè ní kí kẹ́mísìtì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ti rí awakọ̀ tó wá ra abẹ́rẹ́ fúlúù, tí ó ń mu omi ìgò kejì níwájú mi, tí mo ní kó lọ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ó ti wà lórí àtẹ ọ̀fẹ́, kò sì dùn mọ́ ọn.

Bí ọkọ yín bá fẹ́ san, kó má san ní ibi àkọ́kọ́ tó bá wọ̀. Láti nǹkan bí £15 dé £25 ni wọ́n ń gbà á, àwọn ilé ìtajà ńlá tó ní kẹ́mísìtì nínú sì sábà máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀. Olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe ayédèrú níbí: irú abẹ́rẹ́ kan náà ni, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ló ń gún un. Kí ó sọ fún wọn bí ẹyin adìẹ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, nítorí pé èyí tí kò ní ẹyin wà. Ewu ńlá inú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n: kí ara kọ̀ ọ́ lójijì, èyí tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìdí tí a fi ń ní kí ẹ jókòó díẹ̀ nìyẹn, àti àìsàn iṣan kan tí wọ́n ń pè ní Guillain-Barré, tí wọ́n fojú bù sí ẹnì kan tàbí méjì nínú mílíọ̀nù kan. Fúlúù fúnra rẹ̀ máa ń fa àìsàn yẹn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má fi dìgbà tí oṣù Ọ̀pẹ bá dé. Fúlúù lè tètè dé, ọ̀sẹ̀ méjì tí ara fi ń kọ́ṣẹ́ sì ń jẹ nínú àkókò yín. Tiyín ni kí ẹ gbà lọ́la, kí Màmá wò yín títí di ọjọ́ kẹrin. Ti ọkọ yín, kí ó gbà á ní alẹ́ ọjọ́ tí kò ní jáde lọ́jọ́ kejì, kí ó sì na apá ọ̀tún sí wọn, nítorí pé apá òsì la fi ń yí gíà nílùú yìí. Àfi bó bá jẹ́ ọkọ̀ ọtomátíìkì ló ń wà. Nígbà náà, èyí tó bá wù ú.